Àwo kan ṣoṣo tí ó gba tẹ́rábáìtì 200: ohun tí ìròyìn náà túmọ̀ sí, àti ẹni tí yóò rà á

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìròyìn kan tàn kálẹ̀ láti ìlú Shanghai ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe àwo kan tí kò tóbi ju dífídì tí gbogbo wa mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí ó lè gba ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dífídì ń gbà. Àwọn kan kọ ọ́ pé pẹ́tábíìtì 1.6 ni ó gbà, àwọn kan kọ pẹ́tábáìtì, àwọn mìíràn sì kọ tẹ́rábáìtì 200. Nígbà tí ó di oṣù Kejì ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Sony ti Jàpáàn dá iṣẹ́ dúró lórí òfìfo àwo Blu-ray, irú àwo tí ó gbà ju dífídì lọ, ìyẹn èyí tí oníbàárà fi ń gba nǹkan sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn méjèèjì yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àwo ń padà bọ̀ ni tàbí ó ń kú lọ.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Fídíò ìsìnkú ìyá ìyá mi wà nínú síìdì méjì tí ayàwòrán kó fún wa ní ọdún 2006. Nígbà tí a fi wọ́n sínú ẹ̀rọ ní ọdún tó kọjá, èkíní ṣiṣẹ́ dé ìdajì ó sì dúró, èkejì kò tilẹ̀ ṣí. Inú èkejì yẹn ni ohùn àbúrò ìyá àgbà wà níbi tí ó ti ń ki oríkì ìdílé wa, òun náà sì ti di ará ọ̀run. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun gbogbo tí mo bá rí nípa bí àwo ṣe ń tọ́jú nǹkan, àti ìdí tí ó fi ń gbàgbé.

Bíìtì, báìtì, àti ìdí tí iye náà kò fi dọ́gba nínú ìròyìn

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, kò mọ àwòrán, kò sì mọ ohùn. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ ni bóyá àmì wà tàbí kò sí, èyí tí a máa ń kọ ní 1 tàbí 0. Ọ̀kan nínú irú àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bíìtì, mẹ́jọ wọn ni ó sì ń di báìtì kan. Ẹni tí ó bá ti rí babaláwo tí ó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ rí ti fi ojú rí báìtì láìmọ̀. Ẹ̀là mẹ́jọ ni ó wà lára okùn ọ̀pẹ̀lẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì; ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kí ó dojú délẹ̀, kò sì sí ipò kẹta fún un. Bí a bá ka gbogbo ọ̀nà tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè gbà sùn sílẹ̀, ọ̀nà 256 ni yóò jẹ́, iye odù Ifá nìyẹn. Báìtì kan náà lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun 256, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín. Nítorí náà, kí ẹ fi í sọ́kàn pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí a dà lẹ́ẹ̀kan ni báìtì kan.

Lẹ́tà kan nínú àtẹ̀ránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ báìtì kan. Ẹgbẹ̀rún báìtì ni kílóbáìtì, ẹgbẹ̀rún kílóbáìtì ni mẹ́gábáìtì, bẹ́ẹ̀ ni a óò máa fi ẹgbẹ̀rún sọ ọ́ di púpọ̀ títí a ó fi kan gígábáìtì, tẹ́rábáìtì àti pẹ́tábáìtì. Ohun tí àwọn onímọ̀ Shanghai kọ ni pẹ́tábíìtì 1.6, wọ́n ń ka ẹ̀là ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ kí ó lè di báìtì, pẹ́tábáìtì 0.2 ni yóò kù, èyí tí í ṣe tẹ́rábáìtì 200. Ẹni tí ó kọ pẹ́tábíìtì 1.6 àti ẹni tí ó kọ tẹ́rábáìtì 200 ń sọ ohun kan náà. Ẹni tí ó kọ pẹ́tábáìtì 1.6 ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, lẹ́tà díẹ̀ ni ó sì ṣì kọ.

Iye yìí pọ̀ gidigidi. Dífídì olójú kan gba gígábáìtì 4.7, a ó sì nílò nǹkan bíi 42,500 irú rẹ̀ láti gba tẹ́rábáìtì 200. Nínípọn dífídì kan jẹ́ mìlímítà 1.2. Bí a bá to gbogbo wọn lé ara wọn láìfi pálí bò wọ́n, wọn yóò ga tó mítà 51, èyí tí ó súnmọ́ ìdajì gíga Cocoa House ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn.

Báwo ni àwo ṣe ń rántí nǹkan?

Síìdì tí Sony àti Philips gbé jáde ní ọdún 1982 ni baba gbogbo wọn. Lábẹ́ ike rẹ̀ tí ń dán, ipa ọ̀nà tín-ín-rín kan wà tí ó lọ́ yípo bí ìkarahun ìgbín láti àárín títí dé etí. Bí a bá nà án gbọọrọ, yóò gùn ju kìlómítà 5 lọ. Kòtò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ̀ sójú ipa ọ̀nà náà. Ohun tí ó ń ka kòtò wọ̀nyí ni léésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo tí a fún jọ sójú kan kí ó má baà tàn káàkiri bí ti gílóòbù. Bí àwo ṣe ń yí, léésà ń tàn sí i, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń padà. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ó ń padà bákan náà. Bí ó bá kan etí kòtò, ìmọ́lẹ̀ tí ń padà bọ̀ yóò yí padà. Ẹ̀rọ ka ìyípadà yẹn sí 1, ó ka àìyípadà sí 0.

Àwọn tí ó máa ń ra fíìmù Yorùbá ní Alaba tàbí Ìdúmọ̀tà nígbà ayé VCD mọ ibi tí agbára síìdì mọ dáadáa. Síìdì kan kò gbà ju fídíò ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, nítorí náà fíìmù wákàtí méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ síìdì méjì, ẹnì kan á sì dìde láti pààrọ̀ rẹ̀ níbi tí eré ti dùn jù.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fi kòtò tí ó kéré sí i kọ ọ́?

Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí wọ́n fi dé ibi tí kò ṣeé ṣe mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni gègé tí a fi ń kọ ojú àwo, ẹnu gègé yìí sì ní bí ó ṣe nípọn tó. Ẹni tí ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sínú ìwé kékeré mọ bí ìyẹn ṣe ń rí: bó ti wù kí ó ṣọ́ra tó, lẹ́tà rẹ̀ kò lè kéré ju ẹnu ṣọ́ọ̀kì lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ìgbì bí omi ọ̀sà. Àlàfo tí ó wà láàárín orí ìgbì kan sí orí ìgbì tí ó tẹ̀lé e ni a ń pè ní gígùn ìgbì, òun ni ó ń pinnu àwọ̀ tí ojú wa rí. Nánòmítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n, mílíọ̀nù kan nánòmítà ni ó sì wà nínú mìlímítà kan. Léésà síìdì jẹ́ nánòmítà 780, tí ó kọjá pupa díẹ̀, tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí mọ́. Ti dífídì jẹ́ 650, pupa ni. Ti Blu-ray, tí fíìmù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà ní ọdún 2006, jẹ́ 405, àwọ̀ aró tí ó ti ń lọ sí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Bí ìgbì ṣe ń kúrú sí i ni ẹnu gègé ń tín-ín-rín sí i: síìdì gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 700, dífídì gba gígábáìtì 4.7, Blu-ray sì gba 25 lójú kan.

Láti ọdún 1873 ni Ernst Abbe, onímọ̀ ará Jámánì, ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn ju nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì rẹ̀ lọ. Fún Blu-ray, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi nánòmítà 200. A lè rò pé kí wọ́n kàn wá ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú sí i, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti kọjá ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò máa ń ba ike jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí gan-an ni wọ́n ṣe ní Shanghai?

Ohun méjì ni wọ́n pa pọ̀, mo sì fẹ́ kí á fara balẹ̀ wo èkíní nítorí pé òun ni ọgbọ́n tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn aláró Abẹ́òkúta ti mọ irú ọgbọ́n yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí aládìrẹ ẹlẹ́kọ bá fẹ́ kí ọnà tín-ín-rín jáde lára aṣọ, kì í wá aró tí ó mọ bí a ṣe ń ya ọnà, nítorí pé kò sí irú aró bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi tí aró bá kàn ni yóò mú. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí ibi tí kò fẹ́ kí aró dé, yóò wá rì odidi aṣọ náà sínú ìkòkò aró. Aró náà gbòòrò bí ó ti máa ń gbòòrò, ṣùgbọ́n kò lè mú níbi tí ẹ̀kọ wà.

Àwọn onímọ̀ náà, tí Min Gu ti Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Shanghai jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, lo ìmọ́lẹ̀ méjì ní ọ̀nà yẹn. Ìmọ́lẹ̀ èkíní, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánòmítà 515, ni aró: ó ń yí èròjà inú àwo padà ní ibi tí ó bá tàn sí. Ìmọ́lẹ̀ kejì, tí ó jẹ́ nánòmítà 639, ni ẹ̀kọ: wọ́n ṣe é ní ìrísí òrùka, ibi tí ó bá sì kàn kò ní lè yí padà mọ́. Wọ́n tan méjèèjì sójú kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùka náà pa gbogbo etí ìmọ́lẹ̀ èkíní, ihò àárín òrùka nìkan ni ó kù tí a ti lè kọ nǹkan. Ojú àmì tí ó jáde lè kéré tó nánòmítà 54, tí kò ju nǹkan bí ìdámẹ́wàá gígùn ìgbì tí ó kọ ọ́ lọ. Nǹkan bí 1,500 irú àmì bẹ́ẹ̀ ni ó lè tò sí ìbú irun orí ènìyàn kan. Òfin Abbe kò yẹ̀, wọ́n kàn yà fún un ni.

Irú ìmọ́lẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún fi ń kà á, nítorí pé ohun tí ìmọ́lẹ̀ kan kò lè kọ, kò lè kà á bákan náà. Èròjà tí wọ́n fi ṣe ojú àwo náà máa ń tàn yòò ní ibi tí a bá ti kọ nǹkan sí nígbà tí léésà bá kàn án. Ọgbọ́n fífi òrùka ìmọ́lẹ̀ pa etí ìmọ́lẹ̀ mìíràn yìí ti wà ṣáájú nínú maikirosíkóòpù. Òun ni ó mú kí Stefan Hell, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, wà lára àwọn mẹ́ta tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì ní ọdún 2014.

Ohun kejì yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí ilẹ̀ bá tán, òkè ni à ń kọ́lé lọ. Blu-ray tí ó wọ́pọ̀ ní ìpele kan tàbí méjì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní mẹ́rin. Àwo Shanghai ní ìpele 100, àlàfo tí ó wà láàárín ìpele kan sí èkejì sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé èròjà inú rẹ̀ mọ́ gaara, tí léésà fi lè la ìpele 60 kọjá láti ka ìkọkànlélọ́gọ́ta. Nínú àwo àtijọ́, ojú tí ó ń dán bíi dígí ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá sì pọ̀, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀.

Ṣé a lè rí i rà?

A kò lè rí i rà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ni ẹ̀rí pé ọ̀nà náà ṣeé ṣe: pé a lè kọ àmì tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, ní ìpele tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí a sì kà á padà. Tẹ́rábáìtì 200 jẹ́ ìṣirò ohun tí odidi àwo yóò gbà bí a bá fi irú àmì bẹ́ẹ̀ kún un. Àwọn oníròyìn fò kọjá ìyàtọ̀ yìí, èyí sì dùn mí, nítorí pé iṣẹ́ náà tóbi tó láìsí àbùmọ́.

Ìṣòro tí ó le jù ni bí a ó ṣe yára kọ ọ́ tó. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ̀rọ Blu-ray tí ó yára jùlọ ń kọ mẹ́gábáìtì 72 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àwo tuntun yìí bá lè yára tó bẹ́ẹ̀, yóò gba ọjọ́ 32, tọ̀sán tòru, kí àwo kan ṣoṣo tó kún. Bí ẹni tí ó gbẹ́ kànga ńlá tí ó wá ń fi ife rọ omi sínú rẹ̀ ni. Téèpù oofà LTO-9, ìyẹn ìran kẹsàn-án irú téèpù kan tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń pa nǹkan mọ́, tí ó jáde ní ọdún 2021, ń kọ mẹ́gábáìtì 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ní tó ọjọ́ mẹ́fà kí ó tó kọ tẹ́rábáìtì 200 náà tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé téèpù 12 ni a ó lò.

Léésà pàápàá tún wà níbẹ̀. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ dífídì kéré ju ẹ̀wà lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀rọ dífídì fi lè wọ ilé gbogbo ènìyàn. Èyí tí wọ́n fi kọ àwo Shanghai ń tàn fún àkókò tí ó kúrú débi pé ìṣẹ́jú àáyá kan gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù irú rẹ̀, ẹ̀rọ yàrá ìwádìí ni, ó sì wọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, ìmọ́lẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ máa bára wọn mu láìyẹ̀ nígbà tí àwo ń yí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbọ̀n díẹ̀ lè sún ìmọ́lẹ̀ kan kúrò lórí àmì tí kò ju nánòmítà 54 lọ.

Ní ọdún 2013, nígbà tí Min Gu kan náà wà ní Yunifásítì Swinburne ní Ọsirélíà, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ méjì kọ ìlà tí kò ju nánòmítà 9 lọ. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé dífídì kan yóò gba tẹ́rábáìtì 1,000. Ọdún 11 ni ó wà láàárín ìròyìn yẹn àti ti Shanghai. Èmi kò fi èyí bú wọn. Iṣẹ́ ọdún 2024 ṣe ohun tí ti 2013 kò ṣe, nítorí pé ó fi kíkọ àti kíkà sínú ohun kan náà, ní ìpele púpọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a rí níbẹ̀ ni pé ọ̀nà láti yàrá ìwádìí dé ọjà jìn.

Àwọn tí ó ti gba ọ̀nà yìí kọjá

Ilé iṣẹ́ InPhase jáde láti inú yàrá ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000 pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò máa kọ odidi ojú ìwé bíìtì sínú àwo lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí wọ́n máa kọ bíìtì kọ̀ọ̀kan. Gígábáìtì 300 ni wọ́n ń lépa, èyí tí ó jẹ́ ohun ìyanu nígbà náà. Ní ọdún 2010 wọ́n ti ilẹ̀kùn. General Electric náà kéde ní ọdún 2009 pé àwọn ti lè fi gígábáìtì 500 sínú àwo kan. Kò sí ẹni tí ó rí i rà ní ọjà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn kò ṣòro láti rí: bí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe ni háàdì díìsìkì ń gbà sí i tí owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀ lọ́dọọdún, tí ó fi jẹ́ pé iye tí ó dùn mọ́ni létí ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti di ohun yẹpẹrẹ kí wọ́n tó parí.

Sony àti Panasonic ṣe dáadáa ju èyí lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014 wọ́n kéde àwo kan fún àwọn ilé ìpamọ́ ìwé àti ti fíìmù, gígábáìtì 300 ni èkíní, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé 500 yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà tẹ́rábáìtì 1. Wọ́n tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti irú wọn, wọ́n bá a dé 500. Tẹ́rábáìtì 1 kò jáde.

Ìjà tún máa ń wà láàárín àwọn àwo fúnra wọn. Nígbà tí Blu-ray àti HD DVD ń figagbága, àwọn tí ó ra ẹ̀rọ HD DVD ní ohun tí kò ní fíìmù tuntun mọ́ nígbà tí Toshiba, ilé iṣẹ́ tí ó wà nídìí HD DVD, jọ̀wọ́ ìjà náà ní oṣù Kejì ọdún 2008. Àwọn olùṣọ́ ìwé ìpamọ́ rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó sì wà lára ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ohun tuntun.

Ta ni yóò wá rà á bí ó bá jáde?

Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ẹ̀yin. Fíìmù àti orin ti kúrò lórí àwo lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ń ṣe fíìmù Yorùbá tí wọ́n máa ń tẹ VCD lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń gbé iṣẹ́ wọn sórí YouTube báyìí. Kò sí ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ olówó gọbọi nítorí kí ó lè ní fíìmù 40,000 nínú ilé.

Àwọn tí ó nílò rẹ̀ ni àwọn tí ó ní ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ sọ nù ṣùgbọ́n tí wọn kì í sáábà ṣí: àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, àwòrán sátẹ́láìtì, ìwé ilẹ̀, ìwé ìdájọ́, fíìmù àtijọ́, fọ́tò tí gbogbo wa gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí a kò wò mọ́. Fífi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú háàdì díìsìkì tí ń yí tọ̀sán tòru dà bí kí a fi iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì sílẹ̀ nínú àká nítorí àgbàdo. Háàdì díìsìkì ń jẹ iná, ó ń gbóná, a sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àwo tí ó wà lórí pẹpẹ kò jẹ iná rárá, oofà kò ba ohun inú rẹ̀ jẹ́, bí ó bá sì jẹ́ irú tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀daràn tí ó wọlé sínú kọ̀ǹpútà kò lè pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́. Facebook rí èyí ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n fi kọ́bọ́ọ̀dù kan hàn tí ó kún fún 10,000 àwo Blu-ray, tí gbogbo rẹ̀ gba pẹ́tábáìtì kan, tí ọwọ́ ẹ̀rọ sì ń mú èyí tí wọ́n bá fẹ́ jáde. Àwo Shanghai márùn-ún ni ìyẹn.

Abanidíje rẹ̀ gidi ni téèpù. Téèpù kò wọ́n, ó yára, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ ni ó sì ń ṣe é. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ baba ńlá rẹ̀: ẹ̀rọ LTO-9 lè ka téèpù LTO-8, ṣùgbọ́n kò lè ka LTO-7. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pa nǹkan mọ́ sórí téèpù gbọ́dọ̀ máa ṣí wọn nípò lọ sórí tuntun ní gbogbo ọdún díẹ̀ síra. Ẹ̀rọ Blu-ray tí ó wà lónìí sábà máa ń ka síìdì ọdún 1982. Lójú mi, ìwà yìí ni ẹ̀tọ́ tí ó dára jù tí àwo ní sí ọjà náà, ó ju iye tẹ́rábáìtì lọ.

Gíláàsì náà tún ń bọ̀. Ní Yunifásítì Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Peter Kazansky ti ń fi léésà kọ nǹkan sínú gíláàsì láti ọdún 2013, ní ọdún 2024 wọ́n sì fi odidi àkọsílẹ̀ àbùdá ènìyàn, ìyẹn jínómù, sínú ọ̀kan. Microsoft fi odidi fíìmù kan ti ilé iṣẹ́ Warner Bros. sínú gíláàsì oníbùú sẹ̀ǹtímítà 7.5 ní ọdún 2019. Gíláàsì kò bẹ̀rù omi gbígbóná, kò bẹ̀rù oofà, kò sì ní jẹrà. Òun náà lọ́ra láti kọ, bíi ti Shanghai.

Bí mo bá ní láti sọ èrò mi, mo rò pé àwo onípele púpọ̀ yóò dé ọjà, ṣùgbọ́n kì yóò dé gẹ́gẹ́ bí àwo. Yóò dé gẹ́gẹ́ bí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó kún fún léésà, tí ilé iṣẹ́ ńlá mélòó kan yóò rà, tí àwa yóò sì máa lò ó láìmọ̀ nígbà tí a bá wá fọ́tò àtijọ́ lórí fóònù wa tí ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣí. Nígbà tí ìròyìn mìíràn bá tún jáde nípa rẹ̀, kí ẹ má kọ́kọ́ wo iye tẹ́rábáìtì. Kí ẹ wo iye mẹ́gábáìtì tí ó ń kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye owó ẹ̀rọ tí ó ń kà á, àti bóyá ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ó gbà láti máa ṣe é. Bí ìròyìn náà kò bá mẹ́nu kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yàrá ìwádìí ni ó ṣì wà.

Àwọn àwo tí ó wà nílé wa ńkọ́?

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀. Síìdì tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́, bíi ti orin tí a rà, ní kòtò gidi nínú ike, ó sì lè pẹ́. Síìdì tí ayàwòrán fi kọ̀ǹpútà kọ fún wa ní ọjọ́ ìgbéyàwó kò ní kòtò. Àwọ̀ kan ni ó wà nínú rẹ̀ tí léésà jó ní àmì àmì, àwọ̀ yìí sì ń ṣá bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Oòrùn, ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì wà nínú pálọ̀ wa.

Ẹni tí ó bá ní irú àwo bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de Shanghai. Kí ó da ohun inú rẹ̀ kọ sórí háàdì díìsìkì nísinsìnyí, kí ó sì tún ní ẹ̀dà kejì sí ilé mìíràn. Bí àwo kò bá ṣí, kí ó fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, kí ó má nù ún yípo, nítorí pé ìlà tí a fi aṣọ hà yípo ń tẹ̀lé ipa ọ̀nà náà ó sì ń ba ọ̀pọ̀ àmì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó sì dán an wò nínú ẹ̀rọ mìíràn, pàápàá ti kọ̀ǹpútà, nítorí pé ojú léésà kan kì í rí bákan náà pẹ̀lú ti èkejì.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sí ti ìyá àgbà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin ni ó ka síìdì kejì, ó sì ń dúró, ó sì ń tún bẹ̀rẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìṣẹ́jú 11 ni ó jáde nínú ìṣẹ́jú 70. Oríkì náà wà nínú rẹ̀, láti ìlà èkíní títí dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ baba ńlá wa kẹta, ibẹ̀ ni ohùn náà sì gé. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan wà ní Ìlọrin, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà tí ó kù ní ìdílé léèrè ohun tí ó kù nínú oríkì náà, à ń kọ ọ́ sínú ìwé.